Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Omi Iyọ̀ Dídì Gbé Ẹja àti Ẹran Rìnrìn-àjò Nínú Kúlà

Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ẹja dídì láti Èkó lọ sí Òṣogbo, ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn ń bi mí: ṣé òótọ́ ni pé téèyàn bá fi iyọ̀ sínú omi kó tó dì, yìnyín rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó yọ́? Rárá o. Yìnyín oníyọ̀ máa ń tètè yọ́ ju yìnyín lásán lọ. Oore tí iyọ̀ ń ṣe ni pé yìnyín rẹ̀ tutù ju yìnyín lásán lọ dáadáa, débi pé ẹja tó ti dì ò ní yọ́ tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí á fi iyọ̀ sí ibi tí kò ti wúlò, á sì wá máa sọ pé wọ́n parọ́ fún òun.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ síbí lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ lè ṣe é lálẹ́ yìí tí ìrìn-àjò yín bá ku ọjọ́ méjì.

## Ìdí tí yìnyín lásán ò fi tó fún ohun tó ti dì

Omi lásán máa ń dì ní 0 °C. Ibẹ̀ náà ló máa ń dúró sí tó bá ń yọ́. Kò ní tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n omi tó wà nínú ara ẹja àti ẹran kì í ṣe omi lásán, àwọn iyọ̀ ara wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, láti nǹkan bíi −2 °C ni ẹja ti ń rọ̀. Ẹ wò ó báyìí: yìnyín lásán ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ẹja ti ń yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ojú mi rí i. Ààbọ̀ páálí títù ni mo gbé lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ike omi dídì mẹ́rin tí mi ò fi iyọ̀ kankan sí. Sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ dá wa dúró láàárín Ìbafò àti Mówé títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tí mo ṣí kúlà ní Òṣogbo, ike yìnyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì le, èèyàn lè fi wọ́n kan ògiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi àtàǹpàkò tẹ ikùn títù, ó wọlé, omi pupa sì ti pọ̀ nísàlẹ̀ ọ̀rá. Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé kí yìnyín ṣì wà nínú kúlà àti kí ẹja ṣì dì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Omi tí ẹ bá po iyọ̀ sí bí mo ṣe máa júwe rẹ̀ nísàlẹ̀ yìí ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í dì àfi tó bá tutù dé nǹkan bíi −6 °C. Tó bá wá kúrò nínú fìríìsà tó wà ní −18 °C, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa yọ́ títí á fi dé −6 °C yẹn. Ní gbogbo àkókò tó fi ń yọ́ yìí, ẹja yín ò tíì dé ibi tí yóò ti rọ̀.

Nítorí náà, bí ẹ ṣe máa pín in nìyí:

- Ohun tó ti dì tẹ́lẹ̀, tó sì gbọ́dọ̀ dì délé (títù, kòté, ṣáwá, tọ́kì, ẹran): ike omi iyọ̀.
- Ohun tó kàn yẹ kó tutù (omi, mínírà, ẹ̀fọ́, èso, ọbẹ̀ tí ẹ máa jẹ lónìí): yìnyín lásán. Ẹ má fi iyọ̀ sí i rárá, ó máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀.

## Ohun tí ẹ máa nílò

- Kúlà tí ọmọrí rẹ̀ ń dé pa
- Ike mínírà tàbí ike omi tó nípọn, tí ọmọrí rẹ̀ ń yí dé
- Iyọ̀ ọbẹ̀ lásán, èyí tó bá wọ́n kéré jù lọ́jà
- Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan àti ohun tí ẹ máa fi rò ó
- Téèpù pupa àti báírò tí omi kì í pa rẹ́
- Páálí, ìwé ìròyìn àtijọ́, táwẹ́ẹ̀lì kan tàbí méjì
- Tẹmọ́mítà fìríìsà, tí ẹ bá rí i rà. Kì í ṣe dandan, ṣùgbọ́n ó máa ń gba èèyàn lọ́wọ́ àfojúbù.

## Ìwọ̀n iyọ̀: ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà

Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé bí iyọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe dára tó. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo da odindi kílò iyọ̀ kan sínú omi lítà mẹ́ta, mo gbé e sínú fìríìsà fún ọjọ́ mẹ́ta, omi ni mo bá níbẹ̀, kò tilẹ̀ ki. Ìdí ni pé bí iyọ̀ bá ṣe pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni omi ṣe gbọ́dọ̀ tutù sí i kó tó lè dì, ó sì lè lọ sílẹ̀ dé nǹkan bíi −21 °C. Fìríìsà ilé tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa kì í sábà kọjá −18 °C. Tí omi ò bá dì, kò sí yìnyín tí yóò yọ́, tí kò bá sì sí yìnyín tó ń yọ́, omi tútù lásán lẹ gbé sínú kúlà. Wákàtí díẹ̀ ló máa fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ìwọ̀n tí mo ń lò nìyí:

Tí fìríìsà yín bá lágbára, tí iná sì ń dúró: ọ̀rá iyọ̀ gíráàmù 250 kan fún omi ike 75 cl mẹ́ta. Tó bá jẹ́ ike lítà kan àbọ̀ lẹ ní, gíráàmù 500 fún mẹ́ta.

Tí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, tàbí tí fìríìsà ti gbó: ẹ dín in kù sí ìlàjì. Gíráàmù 250 fún omi ike 75 cl mẹ́fà. Èyí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì ní nǹkan bíi −3 °C. Kò tutù tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n yóò dì, ó sì ṣì sàn ju yìnyín lásán lọ fún ẹja.

Ẹ má lo ṣíbí bí ẹ bá lè yẹra fún un. Ṣíbí ìjẹun tilé kan kì í bá tilé kejì dọ́gba, ẹlòmíì á sì bù ú kún títí táá fi rí ṣóńṣó. Ìwọ̀n tó wà lára ọ̀rá iyọ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá fìríìsà yín lágbára? Ẹ fi áísìkìrímù sínú rẹ̀ mọ́jú. Tó bá le débi tí ṣíbí ò fi wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́, ìwọ̀n àkọ́kọ́ ni kí ẹ lò. Tó bá rọ̀, ìwọ̀n kejì.

Àwọn tó ń gbé létí òkun, láti Badagry títí dé Kútọnu, lè bu omi òkun. Iyọ̀ inú rẹ̀ tó nǹkan bí gíráàmù 35 nínú lítà kan, nítorí náà kò lágbára tó èyí tí ẹ pò fúnra yín: nǹkan bíi −2 °C ló ti máa ń dì. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ kún un. Omi ọ̀sà ò ṣeé gbára lé, torí kì í ní iyọ̀ kan náà nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àwọn kan máa ń béèrè bóyá ṣúgà lè rọ́pò iyọ̀. Kò lè ṣe é. Tí ìwọ̀n méjèèjì bá dọ́gba, agbára ṣúgà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti iyọ̀ lọ, èèrà á sì tún bo kúlà.

## Ìgbésẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀

1. Ẹ yẹ ike wò. Ẹ rọ omi lásán kún un, ẹ dé e, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí ìwé ìròyìn fún wákàtí kan. Tí ìwé bá tutù, ẹ ju ike náà nù. Ike mínírà nípọn ju ike omi lọ, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ má lo ìgò, yóò fọ́. Ẹ má sì da omi iyọ̀ sínú ọ̀rá: ọ̀rá máa ń ya, ẹja yín yóò sì di ẹja oníyọ̀ kí ẹ tó délé.

2. Ẹ po iyọ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ike tí ẹ máa lò ni kí ẹ fi wọn omi. Ẹ jẹ́ kí omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, iyọ̀ á tètè yọ́. Ẹ rò ó títí ẹ ò fi ní gbọ́ kíkùn iyọ̀ nísàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́. Tí iyọ̀ bá rògún sí ìdí ike, òkè á dì, ìsàlẹ̀ ò ní dì.

3. Ẹ rọ ọ́ sínú ike, ṣùgbọ́n ẹ má kún un. Ẹ fi ààyè ìka mẹ́rin sílẹ̀ lókè. Omi máa ń wú tó bá ń dì, ike tó kún dẹ́múdẹ́mú yóò bẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ rọ ọ́ sí ike kékeré kan, yóò wúlò láti fi dí àlàfo.

4. Ẹ sàmì sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí. Ẹ fi téèpù pupa yí ọrùn ike ká, kí ẹ sì kọ «IYỌ̀, MÁ MU» sára rẹ̀. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ tó ṣí fìríìsà ò ní mọ̀ pé omi iyọ̀ ni, omi iyọ̀ tó pọ̀ sì lè ṣe ọmọdé ní jàǹbá ńlá. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ilé ní ohun tí téèpù pupa túmọ̀ sí. Tí ọmọ bá mu púpọ̀ nínú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

5. Ẹ tò ó sínú fìríìsà. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí ó fara kan ògiri fìríìsà níbi tí yìnyín ti máa ń lẹ̀. Ẹ má tò wọ́n lé ara wọn lórí ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn tútù ráyè kọjá láàárín wọn. Ẹ yí bọ́tìnnì fìríìsà dé ibi tó tutù jù. Tí ike bá pọ̀, ẹ pín in: mẹ́ta lónìí, mẹ́ta lọ́la, kí ẹja tó ti wà níbẹ̀ má baà rọ̀ nítorí omi tó ṣì gbóná.

6. Ẹ ní sùúrù. Wákàtí 24 tí iná ò bá lọ. Tó bá ń lọ tó ń bọ̀, ọjọ́ méjì gbáko.

7. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má retí pé kó le bí òkúta. Yìnyín oníyọ̀ máa ń funfun bíi mílíìkì, tí ẹ bá tẹ ike rẹ̀, ó máa ń wọlé díẹ̀, torí omi iyọ̀ tó lágbára jù ṣì há sáàárín yìnyín. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá mi ike tó sì ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́ bí omi, kò tíì ṣe tán, tàbí kẹ̀ iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀.

8. Ẹ mú kúlà tutù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kúlà tó ti wà lẹ́yìnkùlé láti àárọ̀ ti gba ooru sára. Tí ẹ bá to ẹja sínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ike yín á kọ́kọ́ lo agbára láti fi mú kúlà fúnra rẹ̀ tutù. Ẹ fi ike yìnyín lásán méjì sínú rẹ̀, ẹ dé e mọ́jú. Ẹ yọ wọ́n kúrò láàárọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó.

## Bí ẹ ṣe máa to kúlà

Atẹ́gùn tútù wúwo, ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ. Nítorí náà, ike tó wà lókè ló ń ṣiṣẹ́ jù, síbẹ̀ àwọn èèyàn máa ń kó gbogbo ike sí ìdí kúlà, wọ́n á wá to ẹja lé e. Ẹ ṣe é báyìí:

1. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sí ìdí kúlà, kí ẹ to ike omi iyọ̀ díẹ̀ sórí rẹ̀.
2. Ẹ di ẹja àti ẹran sínú ọ̀rá méjì-méjì, kí ẹ so ó pa. Bó ṣe ń jáde láti inú fìríìsà ni kó máa bọ́ sínú kúlà. Ẹ má kó o sílẹ̀ kí ẹ máa wá ọ̀rá.
3. Ẹ tò wọ́n há ara wọn. Ẹ ki ike sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì fi ike kékeré tàbí ìwé ìròyìn rírún dí gbogbo àlàfo.
4. Ẹ to ike tó pọ̀ jù sókè.
5. Ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì lé gbogbo rẹ̀ lórí, kí ẹ tó dé e.

Tí ẹ bá pín ààyè kúlà sí mẹ́ta, ìdá kan yẹ kó jẹ́ ike. Tí ọ̀nà bá jìn, tí ẹ ò sì mọ̀ bóyá sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ máa wà, ẹ jẹ́ kó tó ìdajì. Ó sàn kí ẹ gbé ẹja díẹ̀ délé ju kí ẹ gbé púpọ̀ tó ti rọ̀ lọ.

Tó bá pọn dandan kí ohun tí kò gbọ́dọ̀ dì wà nínú kúlà kan náà, ẹ gé páálí nínípọn, kí ẹ fi dá kúlà sí méjì, kí ẹ sì fi táwẹ́ẹ̀lì kún un. Kúlà ọ̀tọ̀ ló dára jù.

Nínú ọkọ̀, ẹ má gbé e sórí ẹ́ńjìnnì, ẹ má sì gbé e síbi tí oòrùn ń gbà wọlé. Ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tàbí aṣọ nínípọn bò ó. Má-ṣí-i ni òfin kúlà: ẹni tó bá fẹ́ mu omi tútù, kó ní ibòmíì tó ti máa mú un.

## Ohun tí kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ike omi iyọ̀

- Abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì àti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Láàárín 2 °C sí 8 °C ni wọ́n máa ń tọ́jú wọn. Tí ínsúlíìnì bá dì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, kódà tó bá tún yọ́ padà tí ojú rẹ̀ sì dà bí ẹni pé kò sí nǹkan. Àwọn tó ń gbé oògùn àtọ̀gbẹ fún ìyá tàbí bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi iyọ̀ sí kúlà yẹn.
- Tòmátì, ẹ̀fọ́, kùkúńbà, èso. Wọ́n á dì, tí wọ́n bá yọ́ wọ́n á rọ̀ pọ̀jọ̀pọ̀jọ̀.
- Ẹyin àti mọ́ọ̀tì inú ìgò. Ẹyin á sán, ìgò á fọ́.
- Ara èèyàn. Ẹ má gbé e lé ọrùn ẹsẹ̀ tó wú tàbí iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Ó tutù ju ohun tí awọ ara lè gbà lọ. Ẹ nu ọwọ́ yín gbẹ kí ẹ tó fi mú un jáde, tàbí kí ẹ fi aṣọ mú un.

## Tó bá jẹ́ ohun mímu lẹ fẹ́ kó tètè tutù

Èyí yàtọ̀ sí èyí tí a ti ń sọ bọ̀. Níbi òde, tí àlejò ti dé tí mínírà ò sì tíì tutù, ẹ fọ́ yìnyín lásán sínú báàfù, ẹ da omi lé e kó mù ún dé ìlàjì, ẹ wá wọ́n ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ méjì tàbí mẹ́ta sí i, kí ẹ rò ó. Iyọ̀ yóò mú kí yìnyín tètè yọ́, omi náà á sì tutù ju 0 °C lọ. Nítorí pé omi ló yí agolo ká, òtútù yóò tètè wọ̀ ọ́ ju kí ẹ kàn to agolo sáàárín yìnyín tí kò sí omi nínú rẹ̀ lọ.

Ẹ dúró tì í. Ẹ máa yí agolo, kí ẹ sì yọ wọ́n kí wọ́n tó dì. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan ẹnu agolo kí ẹ tó gbé e fún àlejò, torí iyọ̀ á ti lẹ̀ mọ́ ọn. Yìnyín yẹn ò ní pẹ́, nítorí náà ẹ pa ti ìrọ̀lẹ́ mọ́ sí ọ̀tọ̀ láìfi iyọ̀ sí i.

## Tí iná bá lọ nílé

Ike yìí wúlò nílé ju lójú ọ̀nà lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò sì mọ̀. Ẹ máa fi mẹ́rin tàbí márùn-ún sílẹ̀ nínú fìríìsà nígbà gbogbo, lórí ẹja, kì í ṣe lábẹ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá mú iná lọ, àwọn ni yóò kọ́kọ́ máa yọ́, ẹja á sì máa dì nìṣó. Tí wọ́n bá mú un dé, wọ́n á tún dì padà fúnra wọn.

Fìríìsà tó kún, tí ẹnikẹ́ni ò ṣí, lè pa ohun inú rẹ̀ mọ́ tó wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìdajì, wákàtí 24. Torí náà, tí ẹja inú rẹ̀ ò pọ̀, ike ni kí ẹ fi kún ààyè tó ṣófo.

## Nígbà tí ẹ bá dé

Ẹ ṣí kúlà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fọwọ́ kan ẹja tó wà láàárín àti èyí tó wà létí.

- Ó ṣì le, tàbí yìnyín ṣì ń dán lára rẹ̀: ẹ gbé e sínú fìríìsà lójú ẹsẹ̀.
- Ó ti rọ̀ tán, ṣùgbọ́n ó ṣì tutù rinrin (4 °C tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀): ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sè é tàbí kí ẹ dín in lónìí.
- Ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ohun tó lé ní wákàtí méjì: ẹ dà á nù. Tí ooru ọjọ́ náà bá ju 32 °C lọ, wákàtí kan ni. Ẹ má fi imú nìkan dán an wò, torí kòkòrò àìsàn lè ti pọ̀ nínú rẹ̀ kó tó rùn.

Ẹ fi omi mímọ́ ṣan ara ike, ẹ nù ún, kí ẹ dá a padà sínú fìríìsà. Ẹ ò ní láti pààrọ̀ omi iyọ̀ inú rẹ̀. Tí ike kan bá jò, ẹ fi omi lásán nu ibi tó jò sí nínú fìríìsà dáadáa, pàápàá níbi tí irin bá wà, torí iyọ̀ máa ń jẹ ẹ́. Ẹ má sì da omi iyọ̀ sí ìdí ẹ̀fọ́ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ó máa pa á. Gọ́tà ni kí ẹ dà á sí, kí ẹ sì da omi púpọ̀ lé e.

Kúlà fúnra rẹ̀, ọṣẹ àti omi gbígbóná ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ jẹ́ kí ọmọrí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ, kí òórùn títù má baà há sínú rẹ̀ di ìrìn-àjò mìíràn.